Ìka Bàbá Ìyàwó Mi Ni Mo Fi Parọ́

Mi ò jalè nítorí ebi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣàánú mi níbi tí kò yẹ.

Mo níṣẹ́, mo láya, mo ní kẹ̀kẹ́ tuntun tí àwọn ará Manigri máa ń yà fún lọ́nà bí wọ́n bá ti gbọ́ agogo rẹ̀. Ojú mi là kedere nígbà tí mo ṣe ohun tí mo ṣe. Ìyà rẹ̀ sì bá àwọn ẹlòmíì ju bó ṣe bá èmi lọ.

Alassane lorúkọ mi. Ní ọdún 1951, ilé-iṣẹ́ kan láti Cotonou wá ṣí ilé ẹrù sí Bassila. Kóró òrí àti òwú ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Sosiyété ni gbogbo ayé ń pè é. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ̀rún fráǹkì lè ra ìpín kan, wọn á fún un níwèé, wọn á sì máa san èrè fún un lọ́dọọdún. Àwọn àgbẹ̀ Manigri rà á. Wọ́n ní àwọn ò ní máa ta irè oko fún àjèjì mọ́, ara àwọn làwọn ń tà á fún.

Èmi ni wọ́n gbà ṣe akọ̀wé. Mo ti lọ sílé ìwé ní Djougou, mo gbọ́ Faransé, mo gbọ́ èdè Anii tí wọ́n ń sọ ní Bassila, Nàgó sì ni èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà.

Sosiyété ní òfin, òfin náà sì dára. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, rapọ́ọ̀ kan gbọ́dọ̀ lọ sí Cotonou: iye àpò tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù nílẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Akọ̀wé á fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń di kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù mú á fọwọ́ sí i. Aṣojú tí àwọn onípìn-ín yàn á wá ka àpò fúnra rẹ̀, á sì tẹ̀ka.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún kejì, ẹni tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú kú. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé kí n máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà fúngbà díẹ̀, kí n sì máa fọwọ́ sí àyè tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà díẹ̀ yẹn ò dópin. Èmi ni mò ń wọn ẹrù. Èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mò ń ti ilẹ̀kùn, èmi náà ni mò ń sọ fún Cotonou pé gbogbo nǹkan pé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá kù láàárín èmi àti irọ́. Sànní lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu ní Manigri. Òun ni bàbá Djamilatou, ìyàwó mi.

Bàbá Sànní ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Bí ọjọ́ kíkà bá pé, á fẹsẹ̀ rìn láti Manigri wá sí Bassila. Á gbọ́wọ́ lé àpò kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ọmọdé, á máa kà á jáde lẹ́nu. Bí ẹnìkan bá kí i láàárín, kò ní dáhùn. Bí ó bá ṣèèṣì dáhùn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

"Baba, ẹ ti ka ìhà ibẹ̀ yẹn," mo máa ń sọ.

"Mo ti kà á," á ní, "ṣùgbọ́n kò dá mi lójú. Ohun olóhun ni."

Ní oṣù kìíní ọdún 1953, ó ṣàìsàn ẹsẹ̀. Ìrìn náà wá ń nira fún un. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a nílé, Djamilatou sì bá mi lọ kó lè wo bàbá rẹ̀. Mo kó ìwé rapọ́ọ̀ méjìdínlógún dání, mo kó tàdáwà dání. Ìwé náà ṣófo, a ò tíì kọ nǹkan kan sí i.

"Baba, ẹ tẹ̀ka sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà," mo sọ fún un. "Ọdún kan ààbọ̀ nìyẹn. Ẹ ò ní máa fẹsẹ̀ rìn mọ́."

Ó mú ọ̀kan, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Kí n tẹ̀ka sí ìwé tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀?"

"Èmi ni màá kọ ọ̀rọ̀ sí i, Baba. Màá ka àpò dáadáa."

Ó wo Djamilatou, ó tún wò mí.

"Alassane," ó ní, "mo fún ọ lọ́mọ, kí ni mo tún ń fi pamọ́ fún ọ? Mú tàdáwà rẹ wá."

Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà méjìdínlógún. Djamilatou gbé omi wá, ó fọ ọwọ́ bàbá rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, lọ́jọ́ yẹn kò sí ibi kankan lọ́kàn mi. Mo rò pé oore ni mo ṣe fún àgbàlagbà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, àdá gé bàbá ní àtàǹpàkò níbi tó ti ń gé igi tí iṣu máa fà mọ́. Ó jinlẹ̀ títí dé egungun. Mo ra oògùn lọ fún un. Ọgbẹ́ náà jiná, èmi sì gbàgbé rẹ̀.

Bí ìwà ibi ṣe wọlé tọ̀ mí wá nìyí. Ní oṣù kẹrin, mo ṣi nǹkan kọ. Àpò 132 ló kù nínú ilé ẹrù, èmi kọ 312. Rapọ́ọ̀ náà ti lọ kí n tó rí àṣìṣe náà nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Àyà mi já. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ọkọ̀ tó ń gbé lẹ́tà bá ti dúró, màá sáré jáde lọ pàdé rẹ̀. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ àforíjì jọ.

Lẹ́tà dé lóòótọ́. Ọ̀gá ní Cotonou ló fọwọ́ sí i. Ó ní: "Inú wa dùn sí ẹrù tí Bassila kó jọ. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó fi iye oṣù yẹn wé iye àpò tí mo rà. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí àpò tó tó bẹ́ẹ̀ ti wá. Mo wá mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé àwọn èèyàn náà ń gba rapọ́ọ̀ mi, wọn ò kà á.

Ó yẹ kí n kọ̀wé padà, kí n tún un ṣe. Mo mú gègé. Mo fi sílẹ̀. Mo ní màá ṣe é lọ́la.

Ọ̀la yẹn ni Mamoudou yà sọ́dọ̀ mi. Oníṣòwò ni, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tó fi ń ná ọjà lọ sí Tógò. Ọ̀rọ̀ ò lè wà nínú mi kí ó má yọ lójú mi, kíá ló ti rí i pé nǹkan ń ṣe mí. Mo sọ fún un, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń pa àlọ́.

Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Àpò mélòó ló wà nínú ilé yẹn báyìí?" ó bi mí.

"Kò tó ogóje."

"Mélòó ni Cotonou mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Iye tí mo bá sọ fún wọn."

Ó gbójú sókè. "Ta ló ń wá wò ó?"

"Kontirólọ̀, ẹni tó ń yẹ ẹrù wò, ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọn á ti kọ̀wé ṣáájú pé ó ń bọ̀."

"Alassane," Mamoudou ní, "ilé tí kò ní onílé lò ń ṣọ́. Bó o bá ṣọ́ ọ títí tó o fi darúgbó, ta ló máa kí ọ pé o kú iṣẹ́?"

Mo lé e jáde. Lóòótọ́ ni, mo lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá a jáde. Ó dúró tì mí nídìí tábìlì, ó bá mi jẹun, ó bá mi gun kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Mamoudou tún padà kọjá lọ́sẹ̀ kejì, èmi ni mo dá a dúró.

Mo ní, "Àpò mẹ́wàá péré ni màá tà fún ọ. Màá dá a padà tí ọjà tuntun bá dé."

"Ta ló ní kó o má dá a padà?" ó ní.

Àpò mẹ́wàá di ogún. Ogún di ọgọ́ta. Bí ìparí oṣù bá ti dé, màá fa ìwé kan yọ nínú àwọn tí bàbá ti tẹ̀ka sí, màá kọ pé gbogbo àpò ṣì wà nílẹ̀, màá fọwọ́ sí àyè tèmi, màá fọwọ́ sí àyè òkú. Ìka bàbá ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró dè mí.

Mo fi páànù kan ilé wa ní Bassila. Mo ra yẹtí wúrà fún Djamilatou. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kò fi sétí.

"Níbo lẹ ti rí i?" ó bi mí.

"Wọ́n fi kún owó oṣù mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi yọ̀ nígbà tí wọ́n fi kún un?"

Mo pariwo mọ́ ọn pé ṣé obìnrin ni yóò máa bi mí ní ìbéèrè nínú ilé mi. Ó bẹ̀ mí. Ó fi yẹtí náà sétí. Kò tún béèrè mọ́.

Kontirólọ̀ dé ní oṣù kejìlá, ní ọjọ́ tí wọ́n dá gan-an. Mo ti múra dè é. Mo ti rọ iyanrìn àti èèpo kóró òrí kún inú àpò, mo rán ẹnu wọn, mo tò wọ́n sẹ́yìn. Àwọn àpò gidi ni mo tò síwájú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka ka ìlà iwájú, ó fi ojú wo bó ṣe jìn tó, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ó ní eruku pọ̀. Ó lọ jẹun.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni mo dé yìí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Rapọ́ọ̀ tí mò ń fi ránṣẹ́ ò dúró sórí tábìlì ní Cotonou. Wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn ilé ẹrù yòókù, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n sì kéde pé Sosiyété ti là. Ní oṣù kìíní ọdún 1954, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn ń ta ìpín tuntun, kí n lọ kà á fún àwọn èèyàn Manigri.

Mo dúró láàárín wọn lábẹ́ igi, mo ka irọ́ tèmi padà sí wọn létí. "Ẹrù tó wà nílẹ̀ ní Bassila nìkan lé ní irínwó àpò." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Sànní náà pàtẹ́wọ́.

Ìyá Habibatou dìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá Sànní ni, opó; Habibatou lorúkọ òun fúnra rẹ̀, kò lọ́mọ láyé. Màlúù kan ṣoṣo ló ní, wàrà rẹ̀ ló ń tà jẹun.

"Alassane, ọmọ mi," ó ní, "èmi ò mọ̀wé. Ìwọ lo mọ ohun tó wà nínú ilé yẹn. Bí mo bá ta màlúù mi fi ra ìpín, ṣé mi ò ní kábàámọ̀?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Bí mo bá sọ pé kó má rà á, wọn á bi mí nídìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà á là. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, mo gbé e mì.

"Ẹ rà á, Mama," mo ní.

Ó súre fún mi. Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú ó tì mí láwùjọ.

Nígbà tí yóò fi di oṣù karùn-ún, owó kóró òrí gòkè lójú ọjà. Cotonou kọ̀wé pé kí n múra, wọ́n ń rán ọkọ̀ wá kó gbogbo ẹrù tó wà nílẹ̀. Lórí ìwé, irínwó àti ọgọ́rin àpò. Nínú ilé, kò pé àádọ́rùn-ún.

Mo sáré wá Mamoudou lọ títí dé ibùdókọ̀. Wọ́n ní ó ti kó lọ sí Tógò, kò sì sọ ìgbà tó ń bọ̀. Mo lọ sí Doguè láti ra kóró òrí àwìn lọ́wọ́ àgbẹ̀. Wọ́n fún mi ní àpò mẹ́fà. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí mo ṣe ń bọ̀, mo sunkún.

Ọkọ̀ méjì dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Kontirólọ̀ tuntun ló jókòó sí iwájú èyí àkọ́kọ́, ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ó mú irin gígùn kan dání, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣonṣo, ó ní ihò nínú.

Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gun orí àpò, ó kọjá sí ẹ̀yìn. Ó gún àpò kan. Iyanrìn ṣàn jáde láti ẹnu irin náà, ó ń ṣe ṣììì, kò dákẹ́. Ó gún òmíràn. Ó gún òmíràn. Àwọn alábàárù tí wọ́n wá kẹ́rù dúró, wọ́n ń wò mí.

"Ta ló ka àpò wọ̀nyí?" ó bi mí ní Faransé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ní àyè láti sọ òótọ́. Kì í ṣe pé ó bá mi lójijì. Mo gbọ́ ìbéèrè náà, mo mọ ìdáhùn rẹ̀, mo sì mọ ẹni tí yóò ru ú bí èmi ò bá ru ú.

Mo ní, "Aṣojú àwọn onípìn-ín ni. Ìka rẹ̀ rèé lórí gbogbo ìwé. Iye tó bá kà fún mi ni mò ń kọ."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Méjì ni. Èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Irọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Àárín ebè iṣu ni àwọn gáàdì ìjọba ti lọ mú bàbá Sànní. Ó dé pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n na ìwé sí i, ògbufọ̀ bi í pé, "Ṣé ìka rẹ nìyí?"

Ó wo ìwé náà. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo rí i nígbà tó yé e. Ojú rẹ̀ kò le, kò pọ́n, ó kàn dà bíi pé ó rẹ̀ ẹ́.

"Ìka mi ni," ó ní.

"Ṣé ìwọ lo ka àpò wọ̀nyí?"

"Ìka mi ni."

Ohun tó sọ nìyẹn títí tó fi sú wọn. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Djougou, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀. Mo rò pé yóò gbé mi ṣépè. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Oyún Djamilatou ti pé oṣù mẹ́fà," ó ní. "Má jẹ́ kó máa gbé nǹkan wúwo."

Oṣù méjì àti díẹ̀ ló lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó dá ọjọ́ ẹjọ́. Ní Manigri, kò sẹ́ni tó kí ará ilé rẹ̀. Ìyá Habibatou lọ dúró lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbúrò rẹ̀ tí kò sí nílé, ó ń ké: "Sànní, màlúù mi! Ọmú kan náà la jọ mu, Sànní!" Èpò bo iṣu bàbá, ọ̀bọ wú èyí tó kù.

Djamilatou kì í sùn. Mo máa ń gbá a mọ́ra.

"Bàbá mi ò jalè," á ní.

"Mo mọ̀," màá ní. "Ọlọ́run á gbà á sílẹ̀."

Ẹnu yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, wọ́n mú bàbá padà wá sí Bassila láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó ti rù. Ikọ́ ń gbọ̀n ọ́n bí ewé. Ọ̀gá òyìnbó tó ń gbọ́ ẹjọ́ to àwọn rapọ́ọ̀ sórí tábìlì, ó ní kí èmi jókòó sí apá kan gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Àwọn ará Manigri kún ojú fèrèsé.

Djamilatou wọlé pẹ̀lú oyún rẹ̀ tó ti sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó sún mọ́ tábìlì. Ó ń wo àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì tẹjú mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ògbufọ̀ fi bi í pé, "Ṣé o mọ̀wé ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Mo mọ ìka bàbá mi."

Ó mú ìwé kan sókè nínú wọn.

"Ẹ jọ̀wọ́, oṣù wo ló wà lórí èyí?"

Ògbufọ̀ kà á. "Oṣù kọkànlá, 1953."

"Èyí ńkọ́?"

"Oṣù kìíní ọdún yìí."

"Ẹ jẹ́ kí bàbá mi tẹ̀ka lórí ìwé òfìfo kan."

Òyìnbó náà gbà. Wọ́n mú tàdáwà wá. Bàbá fà sẹ́yìn, ó ní, "Djamilatou, jókòó." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi ohùn bẹ̀ ẹ́. Djamilatou fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Àpá àdá yẹn là á já lórí ìwé, ó funfun láti etí kan dé èkejì. Wọ́n gbé e ti ẹ̀gbẹ́ àwọn tó wà lórí tábìlì. Gbogbo àwọn yẹn ń dán, kò sí àpá kankan lára wọn.

"Oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni àdá gé e," Djamilatou ní. "Gbogbo Manigri mọ̀. Ta ló wá tẹ èyí ní oṣù kọkànlá?"

Ó yíjú sí mi nígbà náà. Kò pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ gbé ìwé òfìfo lọ fún un. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo fọ tàdáwà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀."

Orí mi wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gbọ́ igbe ìyá Habibatou lójú fèrèsé, kì í ṣe ti màlúù mọ́. "Sànní, mo ṣẹ̀ ọ́ o! Sànní, dárí jì mí!"

Wọ́n lọ sí ilé mi, wọ́n rí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi.

Bàbá Sànní padà sí Manigri, ṣùgbọ́n àkókò oko ti kọjá. Kò sí iṣu láti jẹ, kò sí èyí tó máa fi gbìn. Ikọ́ tó bá a lọ sílé kò fi í sílẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ọmọ Djamilatou ò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ, ó kú. Oṣù kan gbáko ti kọjá kí ẹnìkan tó wá sọ fún mi nínú ẹ̀wọ̀n. Igi ìdáná ni mò ń là nígbà tí mo gbọ́, wọ́n ní kí n má dúró, mo sì ń là á lọ.

Sosiyété fúnra rẹ̀ wó. Nígbà tí wọ́n gún àpò ní àwọn ilé ẹrù yòókù, wọ́n rí i pé kì í ṣe Bassila nìkan. Ìwé ìpín àwọn èèyàn Manigri di ìwé lásán. Ìyá Habibatou ń ru igi ìdáná wá tà ní ọjà Bassila, ní ọjọ́ orí rẹ̀ yẹn.

Àwọn kan máa ń tù mí nínú pé ẹ̀bi àwọn ọ̀gá ni. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi fún ẹnì kan ní gègé àti kọ́kọ́rọ́ pọ̀? Òótọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́, tí ẹ ní àjọ, tí ẹ ní àpótí kan tí ẹ jọ ń dá owó sí, ẹ gbọ́ mi: ẹni tó ń kọ ọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tì í, ẹ sì máa lọ wò ó lọ́jọ́ tí kò retí yín. Kì í ṣe nítorí pé olè ni. Èmi náà kì í ṣe olè ní ọjọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kò fà mí wọlé. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wọ̀ ọ́.

Ní ọdún 1957 tí wọ́n dá mi sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Manigri. Mo bá Djamilatou níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta. Ó ti rù díẹ̀. Kò sí yẹtí létí rẹ̀. Ó rí mi, ó dìde, ó wọlé, ó bu omi wá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo sọ tán. Mo mọ̀ pé mo pe orúkọ bàbá rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní kí n dìde.

"Mo ti dárí jì yín," ó ní. "Bàbá ti sọ fún mi kó tó kú pé kí n dárí jì yín, mo sì ti ṣe é."

Àpótí ìjókòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹsẹ̀ ń dùn mí láti ọ̀nà. Mo nawọ́ sí i.

"Ẹ mu omi yín," Djamilatou ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jókòó."

Mo mu ún lórí ìdúró.